Ilé Àwọn Adákẹ́

Yàrá kẹfà ni mo ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀,
lẹ́sẹ̀ òkè Ṣábẹ́, nínú ilé tí wọ́n fi yangí kọ́.
Ẹnìkan ṣoṣo ló ń sùn níbẹ̀ nígbà kan,
ọkùnrin tó ju orúkọ tí bàbá rẹ̀ fún un sínú òkun,
tó ní òun ò ní fẹ́yàwó, òun ò ní bímọ,
òun ò sì ní sọ̀rọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀.
Ihò ìṣó àgbélébùú rẹ̀ ṣì wà lára ògiri.
Kàlẹ́ńdà ilé-iṣẹ́ òwú ni mo fi bò ó.

Wọ́n ní mẹ́jọ ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé,
rélùwéè ló já wọn sílẹ̀, pẹ̀lú agogo kan àti àpótí irúgbìn.
Àwọn baba wa ní: kí la ó ti pe àwọn wọ̀nyí?
Fadá kọ́, Fadá a máa wàásù.
Ṣọ́jà kọ́, wọn ò béèrè owó orí.
Wọ́n wò wọ́n lẹ́nu títí, ẹnu ò là.
Ni wọ́n bá sọ wọ́n ní Adákẹ́.
Adákẹ́ gbẹ́ kànga:
wọ́n kan àpáta, wọn ò bú u,
wọ́n kan omi, wọn ò hó yè.
Àwa là ń pọn ọ́n dòní.

Ọjọ́ tí wọ́n lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́ ó dàbọ̀.
Agogo ìdájí ni ò dún,
ni ìyá mi bá pẹ́ dé oko.

Lẹ́yìn wọn, ìgbà Ìyípadà dé.
Wọ́n kun ìràwọ̀ pupa síbi tí Màríà dúró sí,
àwọn ọ̀dọ́ ń na ọwọ́ sókè, wọ́n ń ké pé àwọn ti ṣe tán.
Ṣe tán fún kí ni? A ò bi wọ́n.
Ó tún di àká òwú; òwú kún un dé àjà,
eku ń bímọ sínú funfun.
Ọdún onígbáméjì,
a tẹ́ ẹní síbi tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀.
Ẹ̀gbẹ́ òpó kẹta ni àbúrò mi Bàkẹ́ sùn sí.
N kì í gba ibẹ̀ kọjá
bí ẹsẹ̀ mi bá rí ọ̀nà mìíràn.

Ní báyìí, ìjọba ìlú ló ni ín.
Yàrá oúnjẹ wọn la ti ń so ọkọ mọ́ aya ní gbogbo Sátidé;
ìyá ọkọ ń hó, ìyá ìyàwó ń dá a lóhùn,
ọmọdé ń fi ìka há ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń ké.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ aya, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọmọ,
ẹ wá wo iṣẹ́ tí ilé yín ń ṣe!
Nígbà mìíràn tí mo bá dá wà, mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, bàbá kan wọlé, Wọ́ọ̀rú ni.
Ìwé ìbí ló ń wá; láìsí ìwé, kò sí owó arúgbó.
Òun ló ń bó iṣu fún wọn nígbà tó wà ní kékeré.
Mo ní: Bàbá, ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?
Kò fọhùn. Ó gbé ìka méjì lé àyà,
ó yí ọwọ́ bí ẹni ń fa okùn kànga,
ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú.
Ọ̀rọ̀ ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni.
Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, kó lè béèrè iyọ̀ láìla ẹnu.
Mo ní: kí nìyẹn, Bàbá?
Ó ní: «Àwọn tó lè gbọ́ ọ ti kú tán.
Kọ èyí tó bá wù ọ́.»

Níta, tọkọtaya tuntun ti ń jà
lórí ẹni tó máa san owó fọ́tò.
Mo tẹ orí ba. Mo kọ ọ́:
Wọ́ọ̀rú, ọkùnrin, ọmọ Ṣábẹ́,
a bí i ní nǹkan bí