Èémí Ṣẹ́fúrólé

Lẹ́yìn ilé wa ní Lafíàjì,
Ṣẹ́fúrólé bàbá ń tọ ọ́ìlì sára bí ọmọ ọwọ́.
Mẹkáníìkì mẹ́ta pààrọ̀ síìlì. Òfo.

Làmídì ò mú sípánà.
Ó ṣí ìdérí, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ihò:
“Inú rẹ̀ ló wú.
Èémí tí ò rọ́nà, ara ògiri ní í gbà jáde.”

Ó fa fáàfù kan yọ, kò ju ìka lọ,
ó mì ín sétí. Ó yadi.
Ó fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó tún mì ín:
ṣẹkẹ, ṣẹkẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi Fẹlísíà, tí kò sunkún níjọ́ ìsìnkú,
gbà á, ó mì ín, ó mì ín,
títí Làmídì fi ní, “Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n dá a padà.”

Ó ṣì ń jò díẹ̀.