Aràn Inú Èèpo Kòkó

NẸ́PÀ mú iná lọ. Mo gbé awò síbi fèrèsé
kí oòrùn Ifẹ̀ bá mi tànmọ́lẹ̀ sára aràn
tí Fáṣọgbọ́n ṣà nínú èèpo kòkó tó ti jẹrà.
Wọn ò gùn ju àmì ohùn orí lẹ́tà lọ.
Mo ka ọ̀ọ́dúnrún, n ò tíì rí akọ kan.
Abo ni wọ́n, abo tó ń ṣe àtọ̀ fún ara rẹ̀,
tó ń bímọ láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Abọ́ kejì, ìbátan wọn: bákan náà ló ń ṣe.
A ti ń rò pé ogún bàbá kan ni.
Irọ́. Jíìnì tó sọ tibí dà bẹ́ẹ̀
kò sí lára tọ̀hún rárá.
Ọ̀kan gba Ìlódè, èkejì gba Ìrẹ̀mọ,
Enúwá ni wọ́n jọ yọ sí.

Purotéènì méjì tó máa ń dira wọn mú ńkọ́?
Bí ọ̀kan bá pààrọ̀ ìka,
èkejì á wá ìka mìíràn tó bá a mu.
Ìka ti yí tán, wọn ò tíì jáwọ́.

Fóònù dún. Ìyá mi, láti Iléṣà:
"Ṣé wọ́n ti yẹ̀ ọ́ wò? Akọ ni àbí abo?"
Mo gbé ọwọ́ lé ikùn.
"Màámi, ẹ ní sùúrù,
mo ṣì ń kà."