Irin Yìí Ò Gbọ́ Òwe

Aago méjì òru ní Ṣẹ́fíìdì.
Tíráàmù ti lọ sùn. Òjò wínníwínní ń fọ fèrèsé.
Mo gbé ègé alumíníọ̀mù tí kò tó èékánná àtàǹpàkò
sínú ààrò kékeré
tó ń ka ooru bí ẹni ń ka owó oṣù.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìwọ̀n ó lé ogójì.
Magnẹ́síọ̀mù ti wọ inú rẹ̀, sílíkọ́nì ti wọ inú rẹ̀,
wọ́n sá pamọ́ bí iyọ̀ inú ọbẹ̀:
o ò lè tọ́ka sí i, ẹnu ló mọ̀ pé ó wà.

Ìgbà náà ni mo ní kó máa tutù,
ìwọ̀n márùn-ún ní ìṣẹ́jú kan,
kó má sáré, kó má sì dúró.

Mo jókòó ti ìlà tó ń fà lójú kọ̀ǹpútà.
Ó tẹ́ bí ẹní, ó tẹ́, ó tẹ́,
àfi lójijì tó yọ gegele.
Ooru táṣẹ́rẹ́ kan, tí kò lè mú ọwọ́ ọmọ tuntun lọ́ wọ́ọ́rọ́,
ni irin tú síta.
Wọ́n ti ń péjọ nìyẹn.
Magnẹ́síọ̀mù ń wá sílíkọ́nì kiri nínú òkùnkùn,
wọ́n ń dì mọ́ra, wọ́n ń ya ara wọn sọ́tọ̀
bí ògì ṣe ń fi omídùn sílẹ̀ lókè.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: irínwó dín mẹ́jọ.

Ọ̀gbẹ́ni Thackray, tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi,
yọjú tòun ti ife tíì. Ó wo gegele náà.
"Ìyẹn ti bàjẹ́," ó ní, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.
Irin yìí ò gbọ́ òwe.
Èyí tí mo fẹ̀sọ̀ tù ló rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀.
Èyí tí mo jù sómi, tó ké ṣìì,
òun ló di ẹrù rẹ̀ mọ́nú,
òun ni yóò le koko
lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ nínú ooru jẹ́jẹ́.

Láṣebìkan, àbúrò bàbá mi ní Ṣakí,
a máa yọ́ páànù àti ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì,
a dà á sínú iyanrìn, a di ìkòkò.
Á fi ìka kàn án, gbọ̀n-ọ́n,
á dẹtí, á ní, "Èyí á sán."
Á sì sán.
Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló gbọ́.
Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan,
ohun tó yẹ kóun gbọ́ ni kò sí níbẹ̀.

Thackray ti lọ. Ife rẹ̀ wà lórí tábìlì,
ó ti tutù, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀.
Mo fi èékánná kan ègé irin náà, mo dẹtí.
Ó kéré jù, kò fọhùn.
Mo tún ààrò tàn.