Ibi Tí À Ń Tẹ́ Òkú Ètò Sí

Aago méjì òru, ní Òkè-Ẹlẹ́rin l'Ógbòmọ̀ṣọ́,
jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ti dákẹ́,
ètò tó ń ṣírò owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa
tún ṣubú lulẹ̀, ó kú.
Òru kẹta nìyí.
Mo wá òkú rẹ̀ títí, n ò rí;
kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ipa ẹsẹ̀,
àfi ìlà kan péré lójú kọ̀ǹpútà:
"Ó ti parí." Bí ẹni pé iṣẹ́ ló parí.

Akọ̀wé wa, Ìyáàfin Oyèwùmí, ní kí n tún un tàn.
Mo ti ń tún un tàn láti ọjọ́ Ajé!
Ẹni tó jí òkú láìbéèrè ohun tó pa á,
ikú yẹn kan náà ló ń sìn bọ̀ wálé.

Mo bá ṣí fáìlì òfin ẹ̀rọ,
mo rí àṣẹ kan tí n ò mọ ẹni tó pa á:
ìwọ̀n òkú tí ètò lè fi sílẹ̀, òdo.
Òdo. Kú, má fi nǹkan kan sílẹ̀,
má fi èékánná, má fi irun.
Mo pa òdo rẹ́. Mo kọ ọ́ pé: kò ní gbèdéke.

Àṣejù ni mo ṣe.
Ibi tí ètò bá kú sí ni ẹ̀rọ ń tẹ́ ẹ sí,
àárín ìwé gbèsè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ alààyè,
òkú kan ṣoṣo tóbi ju àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá lọ.
Ó ń kú, ó ń jí, ó tún ń kú;
nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mọ́kànlá ti dùbúlẹ̀,
díìsìkì kún dé ọ̀fun,
ẹ̀rọ ò rí ibi mí.
Àwọn àgbẹ̀ kajú tó wá gbowó láti Ìkòyí-Ilé
jókòó sábẹ́ máńgòrò, wọ́n ń wò mí.
Ọ̀kan ní, "Àbí kọ̀ǹpútà yín ti jẹun yó ni?"
Kò mọ̀ pé òótọ́ lòun sọ.

Lọ́sàn-án yẹn mo gbálẹ̀ ibòmíràn.
Díìsìkì kékeré tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀
nígbà tó ń kó lọ sí Ìlọrin,
mo fi ṣe yàrá òkú.
Mo kọ ìlà kan sínú òfin:
ibẹ̀ ni kí o máa gbé wọn lọ,
kí o so orúkọ olóògbé mọ́ ọn lọ́rùn,
nọ́ńbà rẹ̀, àti ìṣẹ́jú tí ẹ̀mí bọ́.
Mo tì í ní kọ́kọ́rọ́,
torí òkú ètò kì í bo àṣírí:
gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń kú
ló wà níbẹ̀ gbalaja,
ọ̀rọ̀ ìwọlé akápò, gbèsè tí pásítọ̀ jẹ,
ọkùnrin tó yáwó tí ìyàwó ò gbọ́.
Èyí tó bá pé ọgbọ̀n ọjọ́, kí ilẹ̀ gbà á.

Òru kẹrin, aago méjì. Ó kú.
Mo mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí.
Mo ṣí i, mo ń wo inú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà,
títí mo fi kan ohun tó há a lọ́fun:
Fọlọ́runṣọ́ Ọdẹ́tọ́yìnbó.

Tísà àgbà ni, ó ti fẹ̀yìntì.
Òun ló sọ fún akọ̀wé lọ́jọ́ Ajé
pé òun ò ní buwọ́ lu ìwé kankan
tí wọ́n bá kọ orúkọ òun sí níhòòhò.
Wọ́n bá fi gbogbo àmì wọ̀ ọ́, tòkè, tìsàlẹ̀.
Àpótí tí ẹni tó kọ ètò náà kàn fún orúkọ
kò fẹ̀ tó orúkọ tó wọṣọ;
àmì ìkẹyìn na ẹsẹ̀ síta,
ó tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀.

Akọ̀wé ní, "Ṣé kí a ṣáà bọ́ àmì yẹn kúrò?"
Mo ní rárá, mà. Àpótí la ó tún kàn.

Ní òru karùn-ún, ó ṣírò owó já.

Láàárọ̀ yìí, mo tún yọjú sí yàrá òkú.
Òkú mìíràn wà níbẹ̀, ètò tó ń tẹ̀wé ni,
aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méje.
N ò tíì ṣí i.
Ẹ jẹ́ kí n mu ẹ̀kọ ná.