Ayálégbé Orí Mi

Aago márùn-ún àárọ̀, kí ẹyẹ kan tó lanu ní Bubaneṣíwà,
ẹsẹ̀ gìrìgìrì ti bẹ̀rẹ̀ lórí àjà mi.
Ilé mi kì í ṣe ilé àǹjọ̀fẹ́ o:
kí oṣù tó kú ni Réka ti ń san owó ilé.
Ọmọ Họ́ngárì ni. Ó ní odò kan wà létí ilé bàbá òun
tó máa ń dì gbagidi nígbà òtútù,
tí àwọn ọmọdé á máa sáré lórí omi bí ẹni ń sáré lórí símẹ́ńtì.
Mo ní, "Ọmọ, omi tó le tó bẹ́ẹ̀ lo fi sílẹ̀,
tí o wá ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ lu ilé mi?"
Ó rẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ ju ìdajì èdè Odia lọ,
ìdajì yòókù, ojú ló fi ń gbọ́ ọ.

Ijó Odísì ló wá kọ́.
Ọdún mẹ́ta rèé. Ọdún kìíní, ìdúró nìkan:
orúnkún méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbàdí nísàlẹ̀,
kí ara ṣe igun mẹ́rin bí àpótí,
kí Gúrù Nirupama wá gbé ife omi lé e látàrí.
Bí omi bá dà, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀.
Á fọwọ́ ti ògiri gun àtẹ̀gùn bí aboyún,
ọ̀dà pupa tí oníjó fi ń kun ẹsẹ̀ á máa tẹ̀ lé e,
èmi á sì nu pupa náà kúrò lálaalẹ́,
láìsọ̀rọ̀.

Oṣù karùn-ún, oòrùn ń dín wa láìlo òróró.
Iná lọ. Fáànù kú.
Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ ìrẹsì àná tó sùn sínú omi,
pẹ̀lú ìgbá díndín àti ata tútù kan.
Ó jẹ ẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ata ni, ó ní.
Mo mọ ata. Mo tún mọ èyí tí kì í ṣe ata.

Ohun tí n kò sọ fún un rèé:
ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń pẹ́.
Bí ó bá ń ka méje, tó bá dé ìkẹfà,
á fi bí ìṣẹ́jú eṣinṣin kan ṣẹ́yìn.
Mo ń gbọ́ ọ níbi tí mo ti ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà.
Èmi náà so ṣaworo rí, fún ọdún mẹ́sàn-án,
kí àwọn àna mi tó ní obìnrin ilé Behera kì í jó lójú agbo.
Mo ká a sínú aṣọ, mo tì í sẹ́yìn àpò ìrẹsì.
Bàbá Tapan kú, n kò yọ ọ́.
Tapan lọ sí Múskátì, n kò yọ ọ́.

Lálẹ́ àná, àkọ́rọ̀ òjò ń rọ̀,
ẹsẹ̀ òsì yẹn pẹ́. Ó tún pẹ́. Ó tún pẹ́.
N kò mọ ìgbà tí mo dìde.
Mo mú ìgbálẹ̀, mo dorí rẹ̀ kodò,
mo fi igi rẹ̀ kan àjà:
ta-ki-ta, ta-ka-di-mi,
"di" yẹn, ọmọ, "di" yẹn ló ń sá fún ọ!
Òkè dákẹ́ rọ́rọ́.
Mo ní ó ti parí, á rò pé ariwo òun ló sú mi.
Ìgbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ dáhùn,
jẹ́jẹ́, bí ìyàwó tuntun tó ń kan ilẹ̀kùn ìyá ọkọ,
ó sì bọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́.
Eruku símẹ́ńtì wọ̀ mí lójú.
Símẹ́ńtì ni.

Láàárọ̀ yìí ó mú fọ́ọ̀mù àwọn ọlọ́pàá wá,
èyí tí onílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí
kí wọ́n tó fi ọdún kan kún físà rẹ̀.
Orúkọ onílé: Sulochana Behera.
Nọ́ńbà ilé, ọjọ́ orí, mo kọ gbogbo rẹ̀.
Iṣẹ́ onílé.
Bírò dúró lọ́wọ́ mi.
Réka jókòó níwájú mi, ó ń fẹ́ tíì, kò wo ìwé,
ẹsẹ̀ mi ló ń wò lábẹ́ tábìlì,
tó ti ń ka méje láti ìgbà tí a ti jókòó.