Ọ̀rọ̀ Aláró

Ọ̀jẹ̀táyọ̀ dé láti ilé-ìwé àwọn pásítọ̀,
ìwé lábẹ́ abíyá, eruku Másífà lórí bàtà.
Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ gbọ́ ohun tí mo kà lónìí.
Àwọn Júù kan ń bẹ, Yídíìṣì lèdè wọn,
'tsvíẹs' ni wọ́n ń pe àgàbàgebè.
Inú èdè Hébérù ni wọ́n ti fà á yọ.
Ẹ wá wo gbòǹgbò rẹ̀: kí a rẹ nǹkan láró!"

Àwẹ̀ró kò gbójú sókè.
Apá rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá,
ó ń fi ọ̀pá ro ẹ̀lú nínú ìkòkò,
òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá.

"Ẹni tí wọ́n rẹ láró ni alágàbàgebè.
Orúkọ yẹn náà ni Hébérù sọ ìkookò,
torí ilà ara rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n kùn ún."
"Ìkòkò kẹ̀?"
"Ìkookò, Ìyá àgbà."
"N kò rí ìyẹn rí.
Ìkòkò ni mo mọ̀, kò sì bù mí jẹ rí."

Ó fa aṣọ kan yọ. Ó jáde bí ewé tútù,
afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó ń dúdú díẹ̀díẹ̀ lójú wa.

"Bá mi kí àwọn Júù rẹ.
Ṣùgbọ́n wọn ò bi aláró kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.
Aró tó jinná kì í purọ́.
Fa aṣọ yìí ya, wo ojú ibi tó ti ya:
àwọ̀ kan náà ni.
Èyí tí a fi ìkánjú rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
tí òjò àkọ́rọ̀ pa, tó ṣí sọ́rùn ẹni tó wọ̀ ọ́,
ìyẹn ni kí wọ́n fi sọ èèyàn lórúkọ."

Mo rántí Díákónì Adégbóró,
agbádá funfun, aró kankan ò kàn án,
bó ṣe kúnlẹ̀ ti ibùsùn bàbá wa,
tó gbàdúrà títí omijé fi bọ́,
tí ìwé ilẹ̀ wa tó ti tà sì wà lápò rẹ̀.
Mo rí etí ìwé náà.
Mo ṣe "Àmín."

"Àgàbàgebè tiwa ńkọ́," Ọ̀jẹ̀táyọ̀ ní, "níbo ló ti wá?"
Ìyá àgbà pè é jẹ́jẹ́, à-gà-bà-ge-bè,
bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń lọ ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.
"N kò mọ ibi tó ti wá.
Ibi tó ń gbé ni mo mọ̀."
Ó wá yíjú sí mi.
"Ìwọ, di etí aṣọ yìí mú, ká fún un."

Ó di ọjọ́ kẹta,
mo ṣì ń fọ àtẹ́lẹwọ́.