Ìlà Pupa

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń tẹ̀wé ní Àlékúwodò,
lẹ́tà ìwáṣẹ́, àdéhùn ilẹ̀, ètò ìsìnkú,
lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá mi ki ayédèrú bọ̀ ní Ìgbọ̀nà,
ẹgbẹ̀rún méjì náírà, n ò béèrè ìdí.
Lóṣooṣù ni ìlà pupa ń yọ lókè:
"Ìwọ kọ́ lo ni mí. Sanwó."
Màá pa á dé
bí ẹni pa ilẹ̀kùn dé mọ́ olówó èlé.

Ọ̀ṣúngbèmí ọmọ iṣẹ́ mi ló ní,
"Ọ̀gá, ọ̀kan wà, ọ̀fẹ́ ni.
Àwọn tó ṣe é ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu."
Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀fẹ́ wo,
ní Òṣogbo tí a ti ń ra omi?

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.
Bọ́tìnì tí ìka mi mọ̀ ti kó lọ síbòmíràn;
ìwé owó mọ́ṣáláṣí tí Àlùfáà Ràímì gbé wá
fọ́n ká bí ìrẹsì.

Lónìí mo tẹ "Ọ̀ṣúngbèmí",
àmì orí, àmì ìdí, gbogbo rẹ̀ dúró.
Ojú mi ṣì ń sá lọ sókè,
bí ẹni tó ti san gbèsè tán
tó ṣì ń gbọ́ kó-kó-kó lẹ́nu ọ̀nà.